Bẹ́ẹ ṣe máa yan yunifásítì àti kọ́ọ̀sì sínú fọ́ọ̀mù JAMB láìfi ọdún ọmọ ṣòfò

Lọ́dọọdún táwọn ọmọ bá ti ń múra JAMB, nǹkan kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ á wà níwájú kọ̀ǹpútà ní sẹ́ńtà CBT, àwọn tó tò sẹ́yìn ẹ̀ á ti máa kùn, ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà á ní "school wo?", ọmọ á dákẹ́, á pe mọ́mì ẹ̀ lórí fóònù, mọ́mì á ní "ṣáà fi UI sí i, Law ni kó o mú". Ó parí. Ohun tí ọmọ máa fọdún márùn-ún ṣe, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi pinnu ẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin kan gba ju 260 lọ lọ́dún tiẹ̀, Law ló fi sí i, wọ́n fún un ní kọ́ọ̀sì mìíràn tí kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, inú gbogbo wa dùn pé ó ṣáà ti wọlé. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ló sunkún délé pé òun ò lè ṣe é mọ́, ó tún JAMB kọ látìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan nínú wa, èmi tí mo ti lọ yunifásítì pàápàá, tó ṣí ìwé wo ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kó tó tẹ "accept". Ó dùn mí gan-an, òun ló sì jẹ́ kí n máa jókòó ti àwọn ọmọ àdúgbò lọ́dọọdún tí fọ́ọ̀mù bá jáde. Bá a ṣe máa ń ṣe é ni mo kọ síbí.

Ohun tẹ́ẹ máa nílò

- Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, kẹ́ẹ tó lọ sí sẹ́ńtà. Tó bá ti ku ọjọ́ méjì kí fọ́ọ̀mù parí, ẹ lọ tààrà sí Ìgbésẹ̀ 4, ẹ wá parí ìgbésẹ̀ tó kù kí ádímíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀.
- NIN ọmọ, àti síìmù kan tó jẹ́ ti ọmọ gan-an, tí wọn ò ní sọ nù. Orí ẹ̀ lẹ máa ti kọ NIN, fi àyè kan sílẹ̀, kọ nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn, kẹ́ẹ fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 láti gba profile code. Síìmù yẹn náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ JAMB máa bá wọlé títí dé ádímíṣọ̀n.
- Ímeèlì tí ọmọ fúnra ẹ̀ ṣí, tó sì mọ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ lórí.
- Èsì WAEC tàbí NECO. Tí kò bá tíì jáde, ẹ mú èsì mock, ẹ má sì bu iyọ̀ sí i.
- Bróṣọ̀ JAMB. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, IBASS lorúkọ ibi tó wà.
- Handbook dípátímẹ́ǹtì tẹ́ẹ fẹ́, ìyẹn ìwé tí wọ́n to gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ sí, láti school mẹ́ta ó kéré tán. Òun làwọn èèyàn kì í wá, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.
- Exercise book kan àti bírò aláwọ̀ méjì.

Ìgbésẹ̀ 1: Iṣẹ́ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ, ẹ má tíì dárúkọ kọ́ọ̀sì

Tí ọmọ bá ní "mo fẹ́ ṣe Medicine", ẹ bi í pé kí ni dókítà ń ṣe láàárọ̀ Mọ́ńdè látìgbà tó bá ti wọ ọsibítù. Tí kò bá mọ̀, kì í ṣe pé kó fi Medicine sílẹ̀ o, ẹ wá ẹni tó ń ṣe é kó lọ bá a jókòó fún ọjọ́ kan. Àǹtí nọ́ọ̀sì wà ní gbogbo àdúgbò, surveyor wà, ẹni tó ń kọ software wà, lọ́yà tó máa jẹ́ kí ọmọ tẹ̀ lé òun dé kóòtù náà wà téèyàn bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ẹ kọ iye ọdún ẹ̀ náà sílẹ̀. Medicine, ọdún 6. Law, ọdún 5, Law School tún wà lẹ́yìn ẹ̀. Engineering, ọdún 5. Ọ̀pọ̀ ìyókù, ọdún 4. Ẹ sì rántí pé iṣẹ́ kan lè ní ilẹ̀kùn púpọ̀: ọmọ tó fẹ́ràn àtitọ́jú aláìsàn lè gba ti Nursing, Physiotherapy, Radiography tàbí Medical Laboratory Science, gbogbo wọn ló ń wọ ọsibítù, tí wọ́n sì ń gbowó oṣù.

Ẹ wò ó bóyá ó ti yanjú: kí ọmọ kọ kọ́ọ̀sì mẹ́ta sílẹ̀, kó kọ gbólóhùn kan síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan nípa ohun tó máa máa fọwọ́ ṣe tó bá jáde. Tí gbólóhùn yẹn bá jẹ́ "nítorí dádì mi" tàbí "wọ́n ní owó wà níbẹ̀", ẹ padà síbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣí ohun tí wọ́n ń kọ́ wò

Ẹ fara balẹ̀ níbí.

Ìwé kan wà tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde ní December 2022, CCMAS ni wọ́n ń pè é, òun ló rọ́pò BMAS àtijọ́. Ohun tó sọ ni pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí yunifásítì máa kọ́ nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, NUC ló ti là á sílẹ̀, bákan náà ló máa rí ní gbogbo school ní Nàìjíríà. Ìdá 30 tó kù, school fúnra ẹ̀ ló máa yàn án. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o, tí èèyàn bá ń jà pé school A dáa ju school B lọ lórí kọ́ọ̀sì kan náà, inú ìdá 30 yẹn ni kó ti fi hàn wá, inú ẹ̀ náà àti inú bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìdá 70 yẹn, ìyókù kàn jẹ́ orúkọ àti géètì tó dáa.

Bá a ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ẹ mú handbook mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi bírò búlúù fa ìlà sábẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe: GST 111 tí í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, GST 112 tó dá lórí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà àti àṣà wọn, GST 212 tó jẹ́ philosophy àti logic, GST 312 lórí àlàáfíà àti ìjà, ENT 211 àti ENT 312 lórí òwò. Ẹ wá fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ practical, láàbù, fieldwork, SIWES (ìgbà tí ọmọ máa lọ kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́), studio, project, clinic. Ẹ ka ìlà pupa. Ẹ wo ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé 400 level ni ìlà pupa àkọ́kọ́ ti yọjú nínú kọ́ọ̀sì tó yẹ kí wọ́n máa fọwọ́ ṣe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ. Ọmọ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ lè lọ UI, ó lè lọ OAU, ó lè lọ FUNAAB l'Ábẹ́òkúta. Ní FUNAAB, ọdún kan gbáko wà tí wọ́n ń pè ní Farm Practical Year, oko ni wọ́n máa wà. Ọmọ tí kò fẹ́ rí ẹrẹ̀ á sá fún un, ọmọ tó fẹ́ dá oko sílẹ̀ á torí ẹ̀ lọ síbẹ̀. Kò sí bí orúkọ school ṣe máa sọ ìyẹn fún yín. Mass Communication náà ńkọ́? Ẹ bèèrè bóyá school ní rédíò tiẹ̀. UNILAG ní Unilag FM, UI ní Diamond FM, OAU ní Great FM. Ẹ má wá dúró síbẹ̀ o, ẹ bèèrè bóyá àwọn ọmọ 200 level máa ń dé ìdí máìkì, àbí ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n ti ń wò ó.

Èrò tèmi rèé lórí ohun tó yẹ kí yunifásítì kọ́ ọmọ, kọ́ọ̀sì yòówù kó jẹ́. Kó lè kọ nǹkan tó gùn, tó ní ìdí, tí ẹlòmíì sì ka iṣẹ́ yẹn tó fa ìlà sí i pé ibí yìí ò yé mi. Kó lè rí tábìlì tó kún fún nọ́ńbà kó má sá, ọmọ History náà wà nínú ẹ̀. Kó ti ṣe nǹkan kan fún ẹni tí kì í ṣe lẹ́kítọ́rà, bóyá oníṣòwò ni, bóyá abúlé ni, kó sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Dípátímẹ́ǹtì tó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ síbẹ̀ kódà kó jẹ́ school tí àwọn ará ilé ò mọ̀. Ibi tó bá jẹ́ pé handout ni wọ́n ń rà, wọ́n ń há a sórí, wọ́n ń kọ ọ́ padà sínú ìdánwò, ọdún mẹ́rin yẹn á kọjá lọ lásán, mo ti rí i lára ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀.

Àwọn tó máa ń ní "wọ́n fún un ní Yorùbá" bí ẹni pé wọ́n fìyà jẹ ọmọ, ẹ lọ ṣí handbook Linguistics wò. Bí ohùn ṣe ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, bí gbólóhùn ṣe ń so pọ̀ wà níbẹ̀, ìtumọ̀ ṣíṣe wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti gbọ́ èdè wa sì nílò èèyàn tó mọ àmì ohùn gan-an. Ẹni tó yàn án fúnra ẹ̀ àti ẹni tí wọ́n jù sínú ẹ̀ kì í ka ìwé bákan náà.

Lẹ́yìn handbook, ẹ lọ síbẹ̀. Kí ọmọ lọ, kó má jẹ́ dádì nìkan. Kó wá ọmọ 300 level ní dípátímẹ́ǹtì yẹn, kó kí wọn dáadáa, kó ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi kọ́ọ̀sì yín kún JAMB mi, ṣé mo lè bi yín ní nǹkan díẹ̀?" Wọ́n máa dáhùn, inú wọn á tiẹ̀ dùn. Ohun tó máa bèèrè nìwọ̀nyí: Kí lẹ ti fọwọ́ yín ṣe lọ́dún yìí? Èèyàn mélòó ló ń pín ẹ̀rọ kan ní láàbù? Ṣé èsì sẹ́mẹ́sítà tó kọjá ti jáde? Ta ló ń ka iṣẹ́ tẹ́ẹ bá kọ, ṣé ó máa ń kọ nǹkan sí i àbí máàkì nìkan? Ibo lẹ ti ṣe SIWES, ta ló bá yín wá ibẹ̀?

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe: wọ́n á lọ bi ọmọ 100 level. Inú ọmọ 100 level ṣì ń dùn pé òun wọlé, ohun gbogbo ló dáa lójú ẹ̀. Àwọn míì á lọ lọ́jọ́ matriculation, ọjọ́ tí wọ́n ti kun ògiri.

Ẹ wò ó bóyá ó ti yanjú: ọmọ lè sọ nǹkan méjì tí school kan ń kọ́ tí school kejì ò kọ́, láìwo ìwé. Tí kò bá lè sọ ọ́, orúkọ ló ṣì ń yàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ṣé wọ́n fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì yẹn?

NUC lè fọwọ́ sí yunifásítì kí kọ́ọ̀sì kan nínú ẹ̀ má tíì ní ìfọwọ́sí. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ibẹ̀ làwọn òbí máa ń já sí, pàápàá láwọn school tuntun. Lórí ìkànnì NUC, ẹ wá kọ́ọ̀sì yẹn gan-an. "Full" túmọ̀ sí pé ọdún 5 ni kí wọ́n tó tún wá yẹ̀ ẹ́ wò. "Interim", ọdún 2, àléébù wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe. "Denied", ẹ má dé ibẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ kan tún ní àjọ tiwọn: COREN fún ẹnjiníà, MDCN fún dókítà, Nursing and Midwifery Council fún nọ́ọ̀sì, Council of Legal Education fún lọ́yà. Èèyàn lè gba dìgírì Law tán kó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà Law School nítorí pé iye ọmọ tí faculty wọn gbà ju iye tí wọ́n yọ̀ǹda fún wọn lọ. Ẹ bi àwọn tó jáde lọ́dún méjì sẹ́yìn pé oṣù mélòó ni wọ́n fi dúró.

Ẹ wò ó bóyá ó ti yanjú: ẹ ti fojú ara yín rí orúkọ kọ́ọ̀sì náà lórí ìkànnì àjọ, kì í ṣe lórí pátákó school.

Ìgbésẹ̀ 4: Sọ́bújẹ́ẹ̀tì JAMB àti WAEC

Ẹ ṣí IBASS, ẹ wo school yẹn gan-an, ẹ má lo ti school mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo èèyàn, mẹ́ta ló kù. Law ń fẹ́ Literature. Accounting àti Economics ń fẹ́ Mathematics. Medicine àti Nursing, Biology, Chemistry, Physics. Computer Science, Mathematics àti Physics pẹ̀lú ìkan sí i.

Ẹ wo ti WAEC náà: kírẹ́díìtì márùn-ún, sítìn mélòó (ìgbà téèyàn jókòó ṣe ìdánwò) ni wọ́n gbà, àbí sítìn kan ṣoṣo ni. Ọmọ lè gba 300 nínú 400 kí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ṣì mú ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ẹ wò ó bóyá ó ti yanjú: kọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ẹ kọ ní Ìgbésẹ̀ 1, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin yín bá méjì mu nínú wọn, ó kéré tán.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ẹ tó gbàdúrà sí i

UI, OAU àti UNILAG máa ń bèèrè 200 ní JAMB kéèyàn tó lè ṣe post-UTME wọn, ìyẹn ìdánwò tí school fúnra ẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB. Àwọn èèyàn á wá rò pé 200 ti tó. Ẹnu ọ̀nà lásán ni 200.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti UNILAG. Máàkì JAMB, ẹ pín in sí 8, ó di 50 tó bá pé. Post-UTME, 30. WAEC, 20: sọ́bújẹ́ẹ̀tì márùn-ún, A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2. Ká ní ọmọ gba 248 ní JAMB, ìyẹn 31. Ó gba 19 ní post-UTME. Ó ní A1 kan, B3 mẹ́ta, C4 kan, ìyẹn 16.4. Àpapọ̀ 66.4. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tọ́ọ̀fù kọ́ọ̀sì yẹn, ìyẹn máàkì tó kéré jù tí wọ́n fi gba ọmọ, fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Tí tọdún tó kọjá bá jẹ́ 75, ẹ ti mọ ibi tẹ́ẹ dúró. Ní UI, JAMB pín sí 8 àti post-UTME pín sí 2 ni, kò sí WAEC nínú ẹ̀. Ọmọ tí WAEC ẹ̀ dáa gan-an, tó sì máa ń bẹ̀rù ìdánwò, á rí i pé ìṣírò yìí fúnra ẹ̀ lè yan school fún òun.

Àwọn school ìjọba àpapọ̀ tún ń pín àyè: 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó gba máàkì jù, 35 fún catchment (àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí àdúgbò school náà), 20 fún ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn ò tíì lọ jìnnà. Catchment UNILAG ni ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá ni wọ́n ń wò, ibi tó ń gbé ò kàn wọ́n.

Ẹ wò ó bóyá ó ti yanjú: nọ́ńbà kan wà lára exercise book níwájú school kọ̀ọ̀kan, máàkì tí ọmọ gbọ́dọ̀ gbà. Ọmọ mọ̀ ọ́n lórí.

Ìgbésẹ̀ 6: Owó àti àkókò

Owó school nìkan kọ́ o. Ilé gbígbé, oúnjẹ, ọkọ̀, láàbù, data. Ọ̀pọ̀ school ò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tó máa tó fún gbogbo èèyàn lẹ́yìn ọdún kìn-ín-ní, ẹ bi wọ́n ní iye tí yàrá kan jẹ́ lẹ́yìn géètì. School ìpínlẹ̀ sábà máa ń dín owó kù fún ọmọ ìpínlẹ̀ náà, ẹ tọ́jú ìwé ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ yín báyìí.

Ẹ̀yáwó NELFUND wà látọdún 2024, kò ní èlé, school ni wọ́n máa ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, wọ́n sì ń fún ọmọ ní ₦20,000 lóṣù tó bá bèèrè fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni wọ́n tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. School ìjọba nìkan ni o, ti àdáni ò sí nínú ẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì ASUU lọ́dún 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Ẹ fi ọdún kan kún ìṣirò yín fún school ìjọba, kẹ́ẹ sì wò ó bóyá apá yín ṣì ká a.

Ẹ wò ó bóyá ó ti yanjú: ẹni tó máa sanwó ti rí àpapọ̀ owó ọdún kan, ó sì ti fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun lè ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 7: Kíkọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, àti ohun tó kù lẹ́yìn ẹ̀

School tó wù yín jù nínú àwọn tí nọ́ńbà ẹ̀ ṣeé ṣe, òun ni first choice. UI, OAU, UNILAG, tẹ́ẹ bá fi wọ́n sí second choice, ẹ ti fi àyè yẹn ṣòfò. Ibi tí ẹlòmíì ò fi bẹ́ẹ̀ sá lọ tí kọ́ọ̀sì ẹ̀ sì pupa dáadáa nínú exercise book yín ni kẹ́ẹ fi síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí poly tàbí college of education wà nínú ìyókù, torí ẹni tó bá ṣe ND tàbí NCE dáadáa lè gba Direct Entry wọ 200 level.

Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sórí bébà mú lọ sí sẹ́ńtà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣí ímeèlì níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò rí ímeèlì yẹn wọ̀ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kẹ́ẹ tó kúrò, ẹ ka slip tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì: orúkọ bó ṣe wà lórí NIN, ìpínlẹ̀, sọ́bújẹ́ẹ̀tì, school, kọ́ọ̀sì.

Tí èsì WAEC bá jáde, ẹ padà sí sẹ́ńtà kí wọ́n gbé e sórí JAMB. Ohun tẹ́ẹ gbé sórí pótáàlì school ò débẹ̀ o! Ọmọ aládùúgbò wa kan pé kọ́tọ́ọ̀fù, ó jókòó sílé oṣù mẹ́rin ó ń retí, "awaiting result" ló wà lórí JAMB ẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Lẹ́yìn náà, CAPS, ibi tí JAMB ti ń fi ádímíṣọ̀n hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọmọ lè gbà á tàbí kọ̀ ọ́. Ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbé yín lọ sí kọ́ọ̀sì mìíràn, ẹ má tẹ "accept" lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bó ti wù kí inú ilé máa dùn tó. Ẹ lọ wá handbook kọ́ọ̀sì tuntun yẹn, ẹ fa ìlà pupa yín, ẹ wá ọmọ 300 level kan pè lórí fóònù, kí ọmọ sùn lé e lórí. Láàárọ̀, ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Tó bá lè sọ ọ́ fún yín tójú ẹ̀ sì là, kó tẹ ẹ́.